Ẹ wọn ọ̀nà tí wáyà máa gbà kí ẹ tó ya á lára feeder

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ iná kí n tó dé Houston. Ìbéèrè kan ni ọ̀gá mi máa ń bi mí nígbà yẹn: "Ṣé wáyà yìí á lè gbé ẹrù rẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ kò tó bó bá jẹ́ pé ẹ̀ka lẹ fẹ́ yà lára feeder, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná láti orísun rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pín in.

Fíúsì 400 amps ló ń ṣọ́ feeder tí mo ń sọ yìí. Inú disconnect ńlá kan, ìyẹn àpótí tó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń pa iná, ni wọ́n ní kí n ti ya iná lọ sí èyí kékeré tó ní fíúsì 100. Mo fi wáyà bàbà nọ́ńbà 3 sí i, torí 100 amps gan-an ló ń gbé (bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni wáyà ń nípọn sí i). Béèyàn dúró síbẹ̀, àárín méjèèjì ò ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ. Inspẹ́kítọ̀ fa téèpù rẹ̀ yọ, ó bá páìpù gòkè, ó bá a rìn lókè, ó tún bá a sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 14. Iṣẹ́ mi ò yege.

Abala 240.21(B) nínú NEC, ìwé òfin iṣẹ́ iná ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ká mi mọ́. Bí ẹ̀ka náà ò bá ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, tó wà nínú páìpù, tó gbé ẹrù rẹ̀, tí kò kéré sí disconnect tó wọ̀, tí fíúsì feeder ò sì ju ìlọ́po 10 agbára rẹ̀ lọ, nọ́ńbà 3 mi ì bá kọjá. Tó bá ti lé ní 10, títí dé 25, wáyà gbọ́dọ̀ lè gbé ìdá kan nínú mẹ́ta fíúsì feeder, kó sì parí sí fíúsì tàbí bréékà kan tí agbára wáyà náà ká. 400 pín sí mẹ́ta, ó lé ní 133. Nọ́ńbà 1 ń gbé 130. Ẹ má sọ pé ó kù díẹ̀: lórí ẹ̀ka, òfin ò gbà kí a ka iye tó kù díẹ̀ sí èyí tó ti pé. 1/0, tó nípọn ju nọ́ńbà 1 lọ, ni mo padà fi sí i.

Ìdí rẹ̀ yé mi dáadáa báyìí. Fíúsì 100 tó wà ní ìparí ń dènà àpọ̀jù ẹrù nìkan. Bí wáyà bá bó, tó kan irin láàárín ọ̀nà, fíúsì 400 tó wà lẹ́yìn nìkan ló kù tó lè gbà á sílẹ̀, wáyà tín-ín-rín sì lè ti jóná kí ìyẹn tó já.

Èyí tó dùn mí jù nìyí: ihò kan náà, lábẹ́ bóòtì kan náà, ni mo ki wáyà feeder àti ẹ̀ka mi bọ̀. Wáyà kan ṣoṣo ni ihò yẹn wà fún, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí i pé ó gba méjì. Nígbà tí a pa iná, mo fi ìka méjì di wáyà mi mú, ó sì ń yí. Irú ibẹ̀ ló máa ń gbóná títí rọ́bà á fi di bíráùn. Mo ra ìdè tí wọ́n ṣe fún yíya ẹ̀ka, mo sì wò ó bóyá àyè inú àpótí á gbà á: wáyà àti ìdè ò gbọdọ̀ gbà ju 75% lọ níbi tó kún jù. Mo tún lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, tó ń sọ ibi tí wọ́n ti ń pa iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, torí béèyàn bá fa ọwọ́ disconnect yẹn sílẹ̀, ẹ̀ka tí mo yà níbi tí iná ti ń wọlé, kó tó dé ọwọ́ náà, ṣì ní iná.

Ní báyìí, okùn ni mo máa ń nà tẹ̀ lé ibi tí páìpù máa gbà, láti ìdè dé ìdè, kí n tó lọ ra wáyà.