Ẹ̀gbọ́n Jókòó, Àbúrò Ń Yà Á

Ọjọ́ Ajé ni mo kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà Musée d'Orsay, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní Paris, ilẹ̀kùn sì wà ní títì gbọin. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀bi mi ni. N kò yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó kúrò nílé. Ọjọ́ kejì ni mo tó ráyè wọlé.

Ibùdókọ̀ ojú irin ni ilé náà tẹ́lẹ̀, aago ràgàjì rẹ̀ ṣì wà lókè. Èrò ń wọ́ lọ sídìí àwọn àwòrán Van Gogh. Èmi ń wá àwòrán kan tí kò tóbi ju àtẹ tí a fi ń ṣa ẹ̀wà lọ: "Le Berceau" (ìyẹn "Ibùsùn Ìkókó"), tí Berthe Morisot, obìnrin ayàwòrán ará Faransé, yà ní 1872. Ìyá kan fọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń wo ìkókó rẹ̀ tó sùn lábẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní 1874, kò sẹ́ni tó rà á.

Edma, ẹ̀gbọ́n Berthe, ni ìyá ọmọ yẹn. Ayàwòrán lòun náà! Àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ ni. Olùkọ́ wọn, Joseph Guichard, ti kìlọ̀ fún ìyá wọn pé ẹ̀bùn àwọn ọmọ yìí á sọ wọ́n di ayàwòrán gidi, pé nínú ìdílé ọlọ́lá bíi tiwọn, ohun tó fẹ́ jọ àjálù ni. Àjálù kẹ̀! Ní 1869, Edma wọlé ọkọ, ó sì pa búrọ́ọ̀ṣì tì.

École des Beaux-Arts, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìjọba ní Paris, kò gba obìnrin títí di 1897. Ọmọ ọlọ́lá kò sì lè dá jókòó sílé kọfí kó máa ya àwọn tó ń mutí. Ta ni wọn ì bá yà, bí kì í bá ṣe ará ilé?

Mo gba ibẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú Passy, nítòsí Trocadéro, níbi tí wọ́n sin Berthe sí. Ère orí Édouard Manet, ayàwòrán olókìkí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, dúró gbagidi lórí ibojì tí wọ́n jọ wà. Ohun tí wọ́n kọ fún Berthe ni pé opó Eugène Manet ni. Ìwé ikú rẹ̀ ní 1895 tiẹ̀ sọ pé kò níṣẹ́ kankan. Inú bí mi, kí n má parọ́.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, mo wá àwòrán kan lórí fóònù, èyí tí Edma yà ní nǹkan bí 1865, kó tó lọ́kọ. Àbúrò rẹ̀ ló wà níbẹ̀, lórí ìdúró, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára iṣẹ́.