Lọ́yà tó di ọ̀gágun lójú afárá
Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sọ ti Robert Toombs lónìí, lọ́yà ọmọ Georgia tó kúrò nílé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà lọ́dún 1861 nítorí kí oko ẹrú má bàa parẹ́.

Ó di ọ̀gágun fáwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà nígbà Ogun Abẹ́lé. Ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án, 1862, ogun ń lọ ní Antietam, Maryland. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó ṣọ́ afárá kò pọ̀ ju bíi 500 lọ. Wọ́n lúgọ sórí òkè létí odò, wọ́n ń yìnbọn sórí afárá òkúta tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ. Burnside, ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kó èèyàn tó lé ní 10,000 wá lódìkejì, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tóóró bẹ́ẹ̀ kì í gba èrò. Bíi wákàtí mẹ́ta làwọn ọmọ ogun Toombs fi dá wọn dúró, kí ọta ìbọn wọn tó máa tán lọ, táwọn kan lára èèyàn Burnside sì ti gba ìsàlẹ̀ odò yọ sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbọn ba Toombs fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Kò rí ìgbéga tó ń retí (agbéraga ni, kò sì lè fara mọ́ ọn), ló bá fiṣẹ́ ológun sílẹ̀ ní 1863.

Lẹ́yìn ogun, ó sá lọ sí Cuba, níbi táwọn ọmọ Yorùbá ṣì wà lóko ẹrú, ó sì kọjá sí Paris. Ó padà dé ní 1867, kò tọrọ àforíjì. Síbẹ̀, òun ló ṣíwájú nínú kíkọ òfin ìpìlẹ̀ Georgia ti 1877, tó ní ẹni tó bá jẹ gbèsè owó-orí kò gbọdọ̀ dìbò. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti tálákà ló kàn jù.