OCD Kì Í Ṣe Àṣejù Ìmọ́tótó

Bí àwọn ènìyàn bá ti rí ẹni tí ń to ẹrù rẹ̀ létòlétò, kíá ni wọ́n máa ń sọ pé OCD, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní obsessive-compulsive disorder lédè Gẹ̀ẹ́sì, ló ń ṣe olúwarẹ̀. N kò fara mọ́ èyí. Ẹni tó fẹ́ràn ìmọ́tótó a máa gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí OCD ń bá fínra kò rí adùn kankan nínú ohun tó ń ṣe. Ìfòyà ló ń lé e kiri.

Ohun méjì ló so kọ́ra nínú àìsàn yìí: èrò àìpè tí ń já wọ inú ọkàn léraléra, àti ìṣe tí ènìyàn ń ṣe ní àṣetúnṣe kí ìpayà tí èrò náà mú wá lè rọlẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ti ilẹ̀kùn tán lálẹ́, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́, tó fà á wò tí kò ṣí, síbẹ̀ tí kò tíì fìdí kalẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ fi ń sọ pé bóyá kò tì í dáadáa. Yóò padà lọ fà á wò, ìbàlẹ̀ ọkàn tó bá rí níbẹ̀ kò sì ní pẹ́ tí yóò fi tán. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà ní títì, àmọ́ ìmọ̀ yẹn kò ká iyèméjì rẹ̀. Bí irú èyí bá ń gbà ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, tàbí tó ń dí iṣẹ́ ẹni lọ́wọ́, ó ti kọjá ìṣọ́ra lásán.

Èyí tí ojú kò rí ló burú jù, lójú tèmi. Ẹlòmíràn ń ka iye nǹkan nínú ọkàn, tàbí kó máa gba àdúrà kan náà ní àgbàtúngbà nítorí pé ọ̀rọ̀ kan kò já gaara. Èrò pé òun lè ṣe ìkókó òun léṣe a máa já lu abiyamọ mìíràn, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀bẹ pamọ́ kí ọwọ́ ara rẹ̀ má bàa tó o. Kì í ṣe ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ rárá. Nítorí pé ọmọ náà ṣọ̀wọ́n lójú rẹ̀ ni èrò náà fi ń dẹ́rù bà á tó bẹ́ẹ̀, ìtìjú kò sì ní jẹ́ kó sọ ọ́.

Àwọn ará ilé, pẹ̀lú inú rere, a máa dá kún un. Bí aláìsàn bá bi wọ́n pé ṣé kò séwu, wọ́n á ní kò sí. Bí ó bá tún béèrè, wọ́n á tún dáhùn, láìfura pé ìdáhùn náà ti di ara àṣetúnṣe. Ìtọ́jú tí àwọn oníṣègùn ti ń lò láti àwọn ọdún 1960 ń tọ ọ̀nà mìíràn: aláìsàn yóò sún mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, kò sì ní ṣe ìṣe náà, títí ìpayà yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Oògùn bíi fluoxetine náà ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí ipá rẹ̀ tó hàn dáadáa, nítorí náà ẹni tó pa á tì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 kò tíì lè sọ pé kò ṣiṣẹ́.