Mo ti dé Cobh, ìlú èbúté kan ní Ireland o!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ láti Cork, omi ń bá wa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn ilé aláwọ̀ mèremère tò gun òkè, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Colman sì ga ju gbogbo wọn lọ; agogo 49 ló wà nínú rẹ̀! Èbúté yìí ni Titanic yà kẹ́yìn ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1912. Queenstown ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ṣùgbọ́n ère Annie Moore àtàwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì ló dá mi dúró. Òun ni àlejò àkọ́kọ́ tó gba Ellis Island, ibùdó tí wọ́n ti ń gba àwọn aṣíkiri wọlé ní New York, wọ Amẹ́ríkà, ní 1892. Ọmọdé! Èmi tí mo dàgbà kí n tó fi Èkó sílẹ̀, mo sunkún ní pápákọ̀ òfurufú. Òtútù ibí ò sì gba ẹ̀bẹ̀. Ó di Kinsale lọ́la, ẹja tútù ni mo ń lé lọ.