Wọ́n Pààlè Sẹ́nu Ọ̀nà Mi ní Jámánì

Orí ìrọ̀rí ni mo jókòó sí tí mo fi ń kọ èyí. Ìrọ̀rí méjì, ọ̀kan lé ọ̀kan. Dókítà ní kò sí eegun tó ṣẹ́, pé kí n kàn máa rọra jókòó. Kí n máa rọra jókòó kẹ̀! Èmi tó jẹ́ pé tí mo bá ti fẹ́ jókòó báyìí, màá kọ́kọ́ ki oríkì ara mi tán kí ìdí tó kan àga.

Ẹni tó fi ojú mi rí èyí, èmi ni. Èmi àti Màámi. Ó ku ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Hamburg, màá dé orí wọn láìpẹ́.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo ti kó dé ilé tuntun ní Stuttgart. Mi ò ní tún ìtàn bí mo ṣe rí ilé náà sọ, ẹ̀yin náà lẹ bá mi gbààwẹ̀ ẹ̀. Àjà kẹta ni mo wà, nínú ìlú tí òkè pọ̀ nínú ẹ̀ bíi Ìbàdàn. Ilẹ̀kùn méjì péré ló wà lókè wa: tèmi, àti ti bàbá kan tí orí wọn funfun bí òwú. Gbogbo ìgbà tá a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, "Grüß Gott" ni wọ́n máa ń kí mi. Ìkíni apá gúúsù níbẹ̀ yẹn ni, Ọlọ́run sì wà nínú ẹ̀. Èmi ò mọ èsì tí wọ́n ń fọ̀ sí i, mo bá ń ṣe "Àmín". Bàbá á wò mí díẹ̀, wọ́n á mi orí, kálukú á bá tiẹ̀ lọ. Àárín wa dùn.

Ó wá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo rí nǹkan tó ń fì lára ọwọ́ ilẹ̀kùn mi. Pátákó kékeré kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, okùn pupa ni wọ́n fi so ó. Wọ́n ya ìgbálẹ̀ sí i. Wọ́n kọ "Kehrwoche" sábẹ́ ìgbálẹ̀ náà.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ bá mi dá sí i. Okùn pupa. Ìgbálẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Tẹ́ ẹ bá rí ṣùkù àgbàdo, àkísà àti ìkarahun ìgbín tí wọ́n so mọ́ igi ọsàn lóko olóko, ṣé ẹ máa nawọ́ sí ọsàn yẹn ni? Ààlè ni mo rí! Ó tún wá lọ jẹ́ ìgbálẹ̀, èyí tí wọ́n ní tí wọ́n bá fi na ọkùnrin... ẹ mọ ìyókù. Mo fi ọwọ́ kan bo iwájú ṣòkòtò, mo fi èkejì yọ fóònù, mo ya fọ́tò ẹ̀ láti òkèèrè.

Ẹni tó lọ́pọlọ á wo ìgbálẹ̀, á wo ilẹ̀, á ní háà, ilẹ̀ yìí mà dọ̀tí o. Ìwé gíga ni mo wá kà ní Jámánì o. Ẹ́ńjíníà ni wọ́n ń pè mí nílé.

Mo wọlé, mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè orí fóònù. "Woche" ò ṣòro, ọ̀sẹ̀ ni. Èyí tó kù ni mo wá lọ. Fóònù ní "kehren" ló ti wá, ó sì ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Èyí tó wà lókè: yí padà. Èkejì wà nísàlẹ̀, ó di kéèyàn fi ìka ti ojú fóònù sókè kó tó rí i. Mi ò tì í. Èmi tí mo máa ń fi ìka yìí kan náà ti fídíò ẹlẹ́fẹ̀ ọgọ́rùn-ún kọjá kí n tó sùn, ìlà kan ṣoṣo yẹn ló wúwo fún mi. Yí padà. Ọ̀sẹ̀. Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n padà síbi tí mo ti wá!

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kọkànlá wọn rèé ní Jámánì, àwọn sì ni babaláwo ìdílé wa tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìlú yẹn. Àwọn ló kọ́ mi pé ike omi kì í ṣe nǹkan à ń sọ nù, pé kí n gbé e padà fún ẹ̀rọ ilé ìtajà kó dá sẹ́ǹtì 25 mi padà fún mi. Àwọn ló ní pépà ní garawa tiẹ̀, èèpo iṣu ní tiẹ̀, àti pé mi ò gbọdọ̀ ju ìgò sínú àgbá ìgò lọ́jọ́ Àìkú, aládùúgbò á yọrí lójú fèrèsé. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n dákẹ́ lọ títí.

"Àbúrò, ọdún mọ́kànlá, mi ò rí irú èyí rí."

Mo ní ẹ tún un wò dáadáa.

"Àbí wọ́n ti ń polongo ìbò ẹgbẹ́ onígbálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò gbọ́ ẹ̀rín. Ohun tí mo gbọ́ ni ọdún mọ́kànlá. Bí ẹni tó pẹ́ tó báyẹn nílùú ò bá rí i rí, a jẹ́ pé kì í ṣe àṣà ìlú. Èmi nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Mo bá ṣe ohun tí mi ò bá má ṣe: mo pe Màámi.

"Padà síbo?" Wọ́n ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti ń wá gèlè. "Owó tá a fi rán ọ lọ ńkọ́, ṣé wọ́n á dá ìyẹn náà padà? Àkànní, ta ló ń gbé òdìkejì rẹ?"

Mo ní bàbá arúgbó kan ni.

"Ṣé ó ń kí ọ?"

"Wọ́n ń kí mi, mà. Wọ́n tiẹ̀ máa ń pe Ọlọ́run sí i."

Màámi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. "Mo ti mọ̀! Òun náà ni!"

Wọ́n ní kí n gbé òróró àdúrà wá, èyí tí wọ́n dì sáàárín aṣọ fún mi nígbà tí mò ń bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti fi òróró yẹn dín ẹyin tipẹ́. Ebi ni. Mo sáré gbé òróró ólífì tí mo rà fún ìdáná, odidi lítà kan, mo yí ojú ìwé ara ìgò ẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé e síwájú kámẹ́rà, Màámi sì gbàdúrà sí i fún ogójì ìṣẹ́jú. Àṣẹ wá jáde. Kí n ta á sára pátákó, kí n ta á sára ilẹ̀kùn, kí n wá máa ta á lọ láti ẹnu ọ̀nà mi títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí nǹkan náà lè mọ ọ̀nà tó máa gbà jáde. Lẹ́yìn náà, kí n gbé ẹrù fún ẹlẹ́rù.

Àtẹ̀gùn mọ́kànléláàádọ́ta ló wà nílé yẹn. Òkúta dídán ni gbogbo wọn. Ní aago kan òru, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́, mo ń wí pé "padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán ọ" lábẹ́ ahọ́n, torí wọn ò fẹ́ ariwo láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́fà àárọ̀. Mo lè fi òróró fọ ilé onílé, ṣùgbọ́n mi ò ní pariwo, mo mọ òfin. Mo fi ọmọrogùn gbé pátákó náà lókùn, mo fi kọ́ ilẹ̀kùn Bàbá, mo ju ọmọrogùn nù, mo wọlé lọ sùn. Oorun àsùnfọnfọn ni.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ní kíláàsì. Aago méje kọjá dáadáa kí n tó jí. Mo gbé báàgì kọ́rùn, mo sáré jáde. Ẹsẹ̀ kan kan àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Mo ṣì ń wá ibi tí èkejì kàn.

Ìdí mi ló bá mi ka ìyókù. Ó kà á dáadáa, kò fo ọ̀kankan. Ìkẹtàlá ni mo dúró sí. Ariwo tó jáde lẹ́nu mi, kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe èdè Jámánì, Màámi ì bá gbọ́ ọ wọn ì bá túmọ̀ ẹ̀. Báàgì mi ò bá mi dúró, ó ń yọ̀ lọ gbuurugbu títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Òun ló mọ ọ̀nà tí nǹkan náà ń gbà jáde.

Bàbá ṣílẹ̀kùn. Pátákó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n wo àtẹ̀gùn, wọ́n wò mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka kan ilẹ̀, wọ́n gbóòórùn ìka náà. Wọ́n tọ́ ọ wò! Mi ò bù mọ́ ọn, wọ́n fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

"Olivenöl?"

Wọn ò jágbe. Ohùn dókítà tó rí àìsàn tí kò sí nínú ìwé ni. Wọ́n wọlé padà, wọ́n tún jáde pẹ̀lú garawa àti ìgbálẹ̀. Bí mo ṣe rí ìgbálẹ̀ yẹn, pẹ̀lú gbogbo ìrora yìí, ọwọ́ mi tún balẹ̀ síwájú ṣòkòtò.

Ọmọbìnrin àjà kejì tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló yọ mí. Ó ní ṣé wọn ò sọ fún mi ni? Ó ní ọ̀sẹ̀ ìgbálẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tí pátákó bá wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, òun ló kàn láti gbá àtẹ̀gùn kó sì nù ún lọ́sẹ̀ yẹn. Tó bá ṣe é tán, á gbé pátákó kọ́ ilẹ̀kùn ẹnìkejì. Àwọn ará Swabia, ìyẹn agbègbè tí Stuttgart wà nínú ẹ̀, ló ni àṣà náà, inú àwọn ará Stuttgart sì máa ń dùn láti sọ pé láti ọdún 1492 ni, láyé Eberhard Onírùngbọ̀n tó ń jọba lé wọn lórí, ni òfin ti ní kí kálukú máa tún iwájú ilé ẹ̀ ṣe. Olórí ìlú wọn nígbà náà, Manfred Rommel, mú òfin ìlú kúrò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1988. Kò ran ẹnikẹ́ni. Àwọn onílé ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn tiwọn. Ó wà nínú tèmi náà, ojú ewé kẹrin. Mo ti buwọ́ lù ú. Ẹ bá rí bí ìbuwọ́lù náà ṣe rẹwà tó lábẹ́ ohun tí mi ò kà.

Ohun tí Bàbá wá rí ni pé àwọn gbé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan fún ọmọ yìí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́jọ́ Ajé, ó ti parí ẹ̀, ó ti dá pátákó padà. Òróró lítà kan ló sì fi parí ẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọbìnrin náà bi mí bóyá bá a ṣe ń nu ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Mo ní rárá, sà. Wọ́n tún ní kó bi mí èló ni mo ra òróró náà. Àwọn ará Swabia ò kì í fi owó ṣeré. Nígbà tí mo dárúkọ iye ẹ̀, Bàbá di orí mú. Ọ̀rọ̀ ìdí mi ò kàn wọ́n rárá, òróró ló ń dùn wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi Bàbá sílẹ̀, ká bọ́ sórí Màámi.

Nílé tá a háyà ní Ìbàdàn, tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra, ta ló kọ rósítà gbígbá àgbàlá mọ́ ògiri? Màámi. Ta ló máa ń jí ní ìdájí gbé ìgbálẹ̀ ti ilẹ̀kùn ẹni tó bá kàn, kó má baà ní òun ò mọ̀? Màámi ni! Ìyá kan nínú yàrá kẹta gbé ìgbálẹ̀ náà padà sẹ́nu ọ̀nà wa lọ́jọ́ kan láìgbálẹ̀. Ìjà ọjọ́ yẹn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Màámi ní òun ò rí irú àrífín bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ táláyé ti dáyé. Àwọn náà ló wá ní kí n lọ ṣe é fún Bàbá onírun funfun, láago kan òru.

Mo pè wọ́n, mo rò gbogbo ẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé ojú ń tì wọ́n.

"Ta ló wá fọ òróró yẹn?"

"Bàbá náà ni. Èmi ò lè bẹ̀rẹ̀, mà."

"Látòkè délẹ̀?"

"Látòkè délẹ̀."

"Pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹ̀?"

Lọ́jọ́ Àìkú, Màámi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀tá ti ọmọ òun lórí àtẹ̀gùn àjà kẹta nílẹ̀ òyìnbó, eegun kan ò ṣẹ́, ọ̀tá náà sì fúnra ẹ̀ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ nu ọ̀nà fún ọmọ òun, àtẹ̀gùn mọ́kànléláàádọ́ta. Àwọn èèyàn fò sókè. Onílù yà wèrè. Pásítọ̀ ní kí wọ́n tún un sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi náà pè. "Áà, Swabia! Ìyẹn ò kan àwa ti Hamburg." Ọdún mọ́kànlá! Láti ọjọ́ yẹn, "ẹ" ni mò ń fẹnu pè wọ́n, "o" ni mò ń pè wọ́n nínú.

Pátákó padà dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú yẹn kan náà. Mo fi ìrora gbá àtẹ̀gùn, mo fi ọṣẹ nù ún, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan. Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo gbé pátákó lọ sẹ́nu ọ̀nà Bàbá, lójú gbogbo ayé. Mi ò tíì kọ́ ọ tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn. "Grüß Gott." Mo gbàgbé ara mi, mo tún ṣe "Àmín". Wọ́n gba pátákó náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n gbóòórùn ẹ̀ níwájú, wọ́n gbóòórùn ẹ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n tó kọ́ ọ.