Ta ló gé etí aago bàbá tíṣà?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ aago, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá mi, tí mo sì ń dá jókòó sídìí tábìlì tèmi nítòsí Ọjà Ọba l'Adó-Èkìtì. Iṣẹ́ tó dójú tì mí jù, lọ́dún tó kọjá ni mo ṣe é, oṣù márùn-ún ló sì gbà kí n tó mọ̀ pé mo ti ba nǹkan oníǹkan jẹ́.

Oṣù keje ni. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì mú aago ọwọ́ kan wá, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Jámánì ló fi rán ẹnìkan sí i. Bàbá ní, "Wọ́n ní eléyìí kì í ṣìnà láyé. Àmọ́ ní Sọ́ńdè tó kọjá, mo dé ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti ẹni tó ń gbálẹ̀ nìkan la wà níbẹ̀. Mo ti ń múra àtibá wọn jà pé wọn kì í tètè dé, kí n tó rí i pé aago tèmi ló fi wákàtí kan ṣáájú."

Ó yẹ kí n bi bàbá ní ìbéèrè méjì péré. N kò bi í. Mo ki awò bọjú, mo ṣí ẹ̀yìn aago. Ọ̀pá dúdú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n wé wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ mọ́ ọn lára. N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo fi ẹnu ẹ̀mú kàn án wò bóyá ìdọ̀tí ni, wáyà náà já. Mo dákẹ́, mo ń wo aago, aago sì ń lọ ní tirẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Mo pààrọ̀ bátìrì, mo dá a padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, mo gbowó. Bàbá tilẹ̀ ṣàdúrà fún mi.

Nígbà tó di oṣù kejìlá, bàbá lọ kí ọmọ rẹ̀. Aago ara ògiri àti aago ẹ̀gbẹ́ ibùsùn nílé náà, bí ọ̀kan bá ti bọ́ sí ìṣẹ́jú tuntun ni èkejì náà bọ́ sí i. Ti bàbá nìkan ló fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú àáyá gbẹ́yìn. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́jú, ó ṣì gbẹ́yìn. Bàbá dé ṣọ́ọ̀bù mi láìkí mi tán: "Ọmọ mi ní kí n bi ọ́, ta ló gé etí aago yìí?"

Etí ni ọ̀pá dúdú yẹn lóòótọ́. Antẹ́nà ni. Quartz, ègé òkúta kékeré tó ń gbọ̀n tí aago fi ń ka àkókò, tó wà nínú aago bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èyí tí a ń tà lórí àtẹ: ìgbà 32,768 ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè fi ìṣẹ́jú àáyá 15 yẹ̀ láàárín oṣù kan. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló mọ àkókò. Ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ni. Ní Mainflingen, nítòsí Frankfurt, ibùdó rédíò kan wà tí wọ́n ń pè ní DCF77, orí kilohertz 77.5 ló ti ń sọ̀rọ̀, aago átọ́ọ̀mù, irú aago tó péye gan-an, ló sì ń darí rẹ̀.

Ẹ fi wé ayàn tó ń fọwọ́ tẹ awọ ìlù. Bí ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan bá ti bẹ̀rẹ̀, ibùdó náà á rẹ agbára ìgbì rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, òdo ni. Bó bá jẹ́ ìdá méjì, oókan ni. Òdo àti oókan wọ̀nyí ni aago ń tò pọ̀ di nọ́ńbà. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá kan kí ìṣẹ́jú pé, kò ní tẹ awọ rárá, aago á sì mọ̀ pé ìṣẹ́jú tuntun dé tán. Láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, ó ti ka wákàtí, ọjọ́, oṣù àti ọdún, àti bóyá àkókò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí wọ́n máa ń sún aago síwájú, ni wọ́n ń lò. Òru ni ọ̀pọ̀ aago máa ń tẹ́tí, torí ìgbì bẹ́ẹ̀ máa ń rìn jìnnà sí i lóru.

Ẹ gbọ́ ibi tí wákàtí kan yẹn ti wá. Ní Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta, Jámánì á sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan, wọn á dá a padà ní Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá. Nígbà òtútù, aago wọn àti tiwa dọ́gba. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni aago bàbá kúrò lọ́hùn-ún, àkókò ibẹ̀ ló gbé wá. Ohùn DCF77 kì í sì í lọ ju nǹkan bíi kìlómítà 2,000 lọ. Láti ibẹ̀ dé Adó lé ní 4,500. Ẹnìkan sọ fún mi pé àwọn òkè Èkìtì ló dí i lọ́nà. Irọ́ ni, ìgbì gígùn bẹ́ẹ̀ máa ń gun òkè kọjá. Ọ̀nà ló jìn. Láti ọjọ́ tí aago náà ti dé, kò gbọ́ nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí mo fi gé etí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Torí náà, bí irú rẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ bèèrè ibi tó ti wá àti oṣù tó dé kí ẹ tó fọwọ́ kan sukudiráfà. Ọ̀pọ̀ wọn ní bọ́tìnì tí ẹ máa tẹ̀, ọwọ́ aago á fi hàn bóyá ó rí ìgbì gbà kẹ́yìn tàbí kò rí. Ẹ sọ fún oníǹkan pé níbí, aago quartz lásán ni, kí ó máa fi fóònù tún un ṣe lóṣooṣù. Ẹni tó bá ń wá èyí tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, kó ra ti GPS. Sátẹ́láítì tirẹ̀ ń kọjá lórí àwa náà. Àwọn tó ń tà èyí tó ń gbọ́ Jámánì fún wa ní "kì í ṣìnà láyé", mi ò ní bá wọn jiyàn, àmọ́ mi ò ní bá wọn tà á.

Mo jẹ́wọ́ fún bàbá, mo dá owó rẹ̀ padà. Ọ̀sán kan gbáko ni mo fi jó wáyà náà pọ̀ lábẹ́ awò. Mítà ní ó ti so, ṣùgbọ́n kò sóhun tí mo lè fi dán an wò l'Adó níbí. Bàbá á tún lọ ní oṣù kẹrin. Mo ti bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dé, kó sì pè mí láàárọ̀. Bí aago náà bá ti fi wákàtí kan sáré ṣáájú mọ́jú, á jẹ́ pé ó ti gbọ́.