Bọ́ọ̀lù aago méjì ọ̀sán: ohun tí iṣẹ́ olùkọ́ ní Texas kọ́ mi

Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà tá a jọ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níbí ní Texas, ẹ ò nílò àlàyé púpọ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní London, aago méjì ọ̀sán ló jẹ́ ní Houston. Bọ́ọ̀lù Champions League tí àwọn ará ilé ń wò lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, orí kíláàsì tó kẹ́yìn ló ń bá wa. Ọmọ kan ń tọrọ àyè láti lọ tọ̀, èkejì ti gbé orí lé tábìlì, ẹ̀kẹta ń béèrè ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sára pátákó. Agogo á lù, díútì bọ́ọ̀sì á tún kù. Kẹ́ ẹ tó ráyè jókòó sínú mọ́tò, wọ́n ti fun fèrè ìparí.

Àwọn kan á ní ṣé bọ́ọ̀lù lásán náà ló ń dùn yín lókè òkun. Ó ń dùn wá. Ẹni tó ti ń wo bọ́ọ̀lù láti kékeré, tó mọ bí ilé ìwòran ṣe máa ń rí ní alẹ́ Ọjọ́rú, kò lè kàn gbàgbé ẹ̀ torí pé ó wọ bàlúù.

Àmọ́ àìrí i wò ní àkókò rẹ̀ kọ́ ló burú jù. Kí wọ́n sọ èsì rẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó wò ó, ìyẹn ni ìka. Ohun tí mo ti wá mọ̀ dájú ni pé bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ wò ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ láìmọ èsì kò yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ wò lójú ẹsẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ èsì rẹ̀ ti di ìròyìn.

Jíjí fóònù wò láàárín kíláàsì méjì tún burú jù ú lọ. Ẹ rántí ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, Super Eagles pẹ̀lú South Africa nínú AFCON, ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní Bouaké ní Ivory Coast. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, aago mọ́kànlá àárọ̀ lọ́dọ̀ wa. Troost-Ekong ti gba pẹ́nárítì wọlé. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, Osimhen gbá èkejì sínú àwọ̀n. Ẹni tó bá yọjú sí fóònù lákòókò yẹn, ó ti wọ kíláàsì pẹ̀lú ẹ̀rín nìyẹn. Kò mọ̀ pé rẹfirí lọ wo VAR, ìyẹn fídíò tí wọ́n fi ń yẹ eré wò, pé wọ́n fagi lé góòlù náà, wọ́n sì fún South Africa ní pẹ́nárítì, torí pé ọmọ tiwa ti kọ́kọ́ gbé ọmọ tiwọn ṣubú nínú àpótí wa. Ló bá di 1–1, ó di àfikún àkókò, ó di pẹ́nárítì. Ẹ wá fojú inú wo olùkọ́ tó ń ṣàlàyé ìdá lórí pátákó nígbà yẹn, tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. A borí 4–2, Nwabali tó jẹ́ gólì wa ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n ègé ègé ni onítọ̀hún fi gbọ́ ọ, kò jẹ adùn rẹ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹ pa gbogbo ọ̀nà tí èsì lè gbà wọlé kẹ́ ẹ tó kúrò nílé láàárọ̀. Kì í ṣe ní aago méjì ku díẹ̀ o, ẹ ò ní rántí. Ẹ ṣètò fóònù kó máa dákẹ́ fúnra rẹ̀ láti aago mọ́kànlá ààbọ̀ títí di ìgbà tẹ́ ẹ bá délé, torí àwọn eré kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ́fíìsì ilé ìwé, ilé ìwé ọmọ yín àti ẹnìkejì yín nìkan ni kẹ́ ẹ fún láàyè láti pè wọlé. Ní ti WhatsApp, ẹ kó gbogbo gúrúùpù sínú Archive, ti ẹbí pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìbàdàn kò ní í kọ èsì, ó máa kàn kọ pé “Ẹ ẹ̀ rí ayé yìí!”, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì ṣí Status rárá. Aago ọwọ́ tó so mọ́ fóònù, ẹ bọ́ ọ sílé. Gbígbọ̀n lásán tó bá gbọ̀n ní aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, góòlù ni.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni kọ̀ǹpútà tó so mọ́ pùrójẹ́kítọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí ímeèlì ara yín tàbí WhatsApp sórí ẹ̀, ìròyìn á yọ lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, gàgàrà bí ilẹ̀kùn, lójú ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọmọ tí kò ka ohun tẹ́ ẹ kọ láti àárọ̀ á ka ìyẹn sókè ketekete: “Mísítà, ta ni Osimhen?” Àkáǹtì ilé ìwé nìkan ni kẹ́ ẹ lò lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé. Ní ti àwọn ọmọ, ewu wọn ti dínkù láti ọdún 2025 tí òfin Texas ti ní kí wọ́n má lo fóònù nílé ìwé. Chromebook wọn, kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́, ló kù. Rédíò inú mọ́tò ò léwu ní tirẹ̀, Texans àti Astros, àwọn ẹgbẹ́ Houston tí kì í gbá irú bọ́ọ̀lù tiwa, ni wọ́n máa sọ títí ẹ ó fi délé.

Nílé, Paramount+ ló ń gbé Champions League níbí, ó sì máa ń tọ́jú eré náà lódidi. Ẹ má tẹ orúkọ ẹgbẹ́ yín láti wá a, torí ìgékúrú tó ní èsì lójú ló máa kọ́kọ́ yọ. Kí ẹlòmíì bá yín ṣí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rìmóòtù sílẹ̀. Ilà tó ń fi gígùn fídíò hàn nísàlẹ̀ máa ń tú àṣírí: tẹ́ ẹ bá rí i pé ó sún mọ́ wákàtí mẹ́ta, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n dé pẹ́nárítì kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́.

Nínú oṣù Kẹta, ẹ ṣọ́ra. Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù náà ni Amẹ́ríkà ń yí aago síwájú, Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn rẹ̀ ni Ìlú Ọba ń yí tiwọn, Nàìjíríà kì í yí rárá. Láàárín méjèèjì, aago mẹ́jọ London di aago mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Premier League aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta náà di aago mẹ́wàá. Ìpele ẹgbẹ́ 16 nínú Champions League sábà máa ń bọ́ sáàárín àsìkò yẹn. Tẹ́ ẹ bá ṣètò fóònù kó la ohùn ní aago mẹ́rin, eré ò tíì parí.

Ní oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, STAAR, ìdánwò ìjọba Texas fún àwọn ọmọ ilé ìwé, àti ìpele Champions League tó gbóná jù lọ jọ ń kọlu ara wọn. Ẹ ti fọwọ́ sí ìwé ìbúra kẹ́ ẹ tó máa ṣọ́ ìdánwò, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ yín ló wà nínú ewu tẹ́ ẹ bá rú u. Ẹ má mú fóònù wọ yàrá yẹn, kódà kó ti kú. Ẹ má sì parọ́ àìsàn torí bọ́ọ̀lù. Òfin fún wa ní ọjọ́ ìsinmi márùn-ún lọ́dún, ẹ tọrọ ọ̀kan ṣáájú tí Super Eagles bá dé ìpele àṣekágbá.

Ní ti gbígbá a fúnra ẹni, mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ dá mọ́ńkí póòsì sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Kóònù mẹ́rin, póòsì tó fẹ̀ tó mítà kan, márùn-ún sí márùn-ún, kò sí gólì. Góòlù méjì tàbí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá borí á jáde. Bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 4 fún ọmọ ọdún mẹ́jọ sí méjìlá, nọ́ńbà 5 fún àwọn tó jù bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá sísàlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fi orí gbá a, U.S. Soccer, àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ti fòfin de ìyẹn. Ẹni tó bá wà lórí físà H-1B, físà iṣẹ́ tó so mọ́ ilé ìwé tó gbà á, kó má gba owó rẹfirí níta o, iṣẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Tí àrá bá sán, kí gbogbo yín wọlé, kẹ́ ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tó bá tún sán, ẹ bẹ̀rẹ̀ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà látìbẹ̀rẹ̀.